Gbèsè lọ́wọ́ ọ̀tún, kóló lọ́wọ́ òsì

Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń rí ìjà kan náà lórí ìkànnì yìí. Ẹnìkan á ní, "Má fi kọ́bọ̀ kan pamọ́ títí wàá fi san gbogbo gbèsè ẹ tán." Ẹlòmíì á fèsì pé irọ́ ni, ara ẹ ni kó o kọ́kọ́ sanwó fún, kí gbèsè máa dúró dè ẹ́. Àwọn méjèèjì ń gba láìkì. Èmi ò bá ìkankan nínú wọn lọ, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí ẹ̀. Á gùn díẹ̀, ẹ bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò ní kà á dópin, ohun tí mo fẹ́ sọ rèé: tó o bá jẹ gbèsè tó ń bí èlé lóṣooṣù, kọ́kọ́ tọ́jú owó kékeré kan tó lè gbà ẹ́ lọ́jọ́ wàhálà, kó o wá da gbogbo ìyókù bo gbèsè yẹn. Owó kékeré ni mo sọ o. Kò lè sọ ẹ́ di olówó. Iṣẹ́ ẹ̀ kò ju kó má jẹ́ kó o padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń yá ẹ lówó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní o yá ₦50,000 lórí ápù, èlé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọgbọ̀n ọjọ́. (Àwọn kan ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.) Tóṣù bá pé, ₦57,500 lo máa san. Tí ò bá wá sí, tó jẹ́ ₦7,500 èlé yẹn nìkan lò ń rí san láti fi sún un síwájú, tọ́dún bá fi yípo, o ti san ₦90,000. ₦50,000 àkọ́kọ́ ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń wò ẹ́ lójú.

Wá wo apá kejì. Òfin CBN ni pé èlé tó kéré jù tí báńkì lè san lórí àkáǹtì ìfowópamọ́ ni ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún èlé tí CBN fúnra ẹ̀ gbé kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní MPR. Nígbà tí MPR wà ní 27.5% níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ohun tó já sí ni 8.25%. Lọ́dún o, kì í ṣe lóṣù! ₦50,000 ẹ á bí ₦4,125 lódindi ọdún kan, nígbà tí gbèsè ń gbé ₦7,500 lọ lóṣù kan péré. Ẹni tó ń kó owó sí báńkì tó sì ń sún gbèsè ápù síwájú, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi.

Àwọn baba ńlá wa mọ irú gbèsè yìí dáadáa. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà. Samuel Johnson kọ nípa ẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde lọ́dún 1921. Ẹni tó bá yáwó á lọ máa ṣiṣẹ́ fún olówó, tàbí kó fi ọmọ tàbí àbúrò ẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ni èlé. Kò sí nǹkan kan tó ń yọ nínú ojú owó. Èèyàn lè roko olóko fún ọdún gbọọrọ, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kúrò, iye tó yá gan-an ló máa kà sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń san èlé nìkan lóṣooṣù kí wọ́n lè bá yín sún un síwájú, oko lẹ ń ro yẹn.

(Ìdójútini wọn náà kì í ṣe tuntun. Òṣómàáló, àwọn ará Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, á lóṣòó síwájú ilé ẹ títí wàá fi sanwó wọn. Àmọ́ ilé ẹ nìkan lòun ń wá o. Àwọn ápù kan fẹ́ lóṣòó sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ wà nínú fóònù ẹ, títí kan pásítọ̀ ẹ àti ọ̀gá ẹ níbi iṣẹ́. Láti ọdún 2023 ni Google ti sọ pé ápù ẹ̀yáwó kankan ò gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà àti fọ́tò inú fóònù èèyàn mọ́. FCCPC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, sì ní àkójọ àwọn tó gbàṣẹ lórí ìkànnì wọn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun.)

Torí náà, tó bá jẹ́ ti ìṣirò nìkan, àwọn tó ní ká kọ́kọ́ san gbèsè ló jàre. Ibi témi ti yà kúrò lẹ́yìn wọn ni pé ìṣirò wọn gbà pé nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀ títí gbèsè á fi tán. Ní Nàìjíríà? Oṣù wo gan-an nìyẹn?

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, télọ̀ ni, n'Íbàdàn. Ó jẹ ápù kan ní ₦80,000. Ó gba owó iṣẹ́ aṣọ ẹbí ńlá kan, ó san gbogbo gbèsè náà pátá lọ́jọ́ Friday, ó gbé "Olúwa ṣeun" sórí WhatsApp. Tuesday tó tẹ̀ lé e, mọ́tò máṣíìnì ìránṣọ ẹ̀ jó. Aṣọ àwọn oníbàárà ti wà nílẹ̀, òde wọn jẹ́ Saturday, kò sì sí ẹgbẹ̀rún kan lọ́wọ́ ẹ̀. ₦28,000 ló nílò. Ó ṣí ápù yẹn padà, ápù náà kí i kú oríire: torí pé ó san gbèsè dáadáa, ó ti lè yá tó ₦120,000 báyìí. Ó yá ₦60,000. Ó ní kóun fi ìyókù ra òwú àti súbù.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé, "Ṣebí bákan náà ni? Tó bá fi ₦28,000 pamọ́, ₦28,000 gbèsè ṣì máa wà lọ́rùn ẹ̀, èlé á sì máa gun orí ẹ̀." Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò ní fo ó. Àmọ́ ẹ wo nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, owó tó wà lọ́wọ́ ẹ kò ní sọ fún ẹ pé o ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń yá lówó. Ápù lè sọ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyá ẹ lọ sọ́sibítù tí wọ́n sì ní kó o san owó sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Èkejì, èyí ló sì ká mi lára jù: tówó tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ ₦28,000, ₦28,000 lo máa ná. Tó bá jẹ́ ápù lo fẹ́ lọ bá, iye tó bá fẹ́ fún ẹ ló máa gbé síwájú ẹ, ọwọ́ èèyàn ò sì kúrú nídìí owó tí kò tíì san. Èlé oṣù kan lórí ₦28,000, bíi ₦4,200, ni owó tí mo máa fi ra ìyàtọ̀ yẹn. Mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Èló wá ni owó kékeré yẹn? Ẹ gbàgbé oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà owó oúnjẹ tí wọ́n ń sọ nínú fídíò. Tí owó oṣù ẹ bá jẹ́ ₦70,000 tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024, tó o sì jẹ gbèsè, ìgbà wo lo fẹ́ kó oṣù mẹ́fà jọ? Rántí ìgbà mẹ́ta tó o yáwó kẹ́yìn. Kí lo fi ṣe? Táyà ọ̀kadà? Ojú fóònù tó fọ́? Oògùn ibà àti owó àyẹ̀wò? Owó ọkọ̀ láti sáré lọ sílé? Èyí tó wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iye yẹn ni kó o tọ́jú. Tó bá ti pé, má fi kún un mọ́. Tó o bá mú un ná, dá gbèsè dúró díẹ̀, kó o dá a padà. (San iye tí wọ́n bá ní o gbọ́dọ̀ san lóṣù yẹn o, mi ò ní kẹ́ ẹ sá fún ẹnikẹ́ni.)

Àwa tí à ń wo àwọn ará Amẹ́ríkà, Dave Ramsey náà ní kéèyàn kọ́kọ́ kó $1,000 jọ kó tó kọjú sí gbèsè. Mo bá a lọ níbẹ̀. Àmọ́ ó tún ní kéèyàn kọ́kọ́ san èyí tó kéré jù nínú gbèsè ẹ̀, láìwo èlé. Níbí, ìyẹn lè jẹ́ ₦10,000 tó o jẹ ẹ̀gbọ́n ẹ láìsí èlé, kí ti ápù sì máa wú lẹ́yìn ẹ. Ó dùn mọ́ èèyàn nínú láti fa ìlà sórí orúkọ kan, mo mọ̀. Èlé lẹ máa wò.

Ibi tó o máa tọ́jú owó náà sí tún ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ báńkì lo jẹ, ẹ mọ̀ nípa GSI. Láti ọdún 2020, tí ọjọ́ tó yẹ kó o san bá kọjá, báńkì tó o jẹ lè fa owó ẹ̀ nínú àkáǹtì ẹ ní báńkì mìíràn tí BVN ẹ wà níbẹ̀. Mo ti rí èèyàn tó kọ ìbéèrè pé ẹni tó lọ jíǹde ló jí owó òun. Kì í ṣe olè, gbèsè ẹ̀ ló wá a wá. Nítorí náà, tó bá jẹ́ ti báńkì, má jẹ́ kó kọjá ọjọ́. Tó ò bá ní rí i san, lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n fún ẹ ní àyè.

Alájọ ńkọ́? Ká ní ₦1,000 lò ń dá lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ₦29,000 ló máa kó fún ẹ, owó ọjọ́ kan ni tiẹ̀. Àwọn onímọ̀ owó orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń bú àjọ torí èyí, wọ́n ní ìwọ lò ń san èlé lórí owó ara ẹ. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, tí ọwọ́ bá ń yún ẹ, tó jẹ́ pé owó orí fóònù kì í sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ẹ, ₦1,000 kò wọ́n láti fi ra ìkáwọ́. Ẹni tí àdúgbò ti mọ̀ tipẹ́ ni kẹ́ ẹ fún o, nítorí alájọ tó ń sá lọ náà wà.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èésú, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á nínú gbogbo ìjà yìí. Ẹ̀yin mẹ́wàá, ₦10,000 lóṣooṣù, ẹnìkan ń kó ₦100,000. Ẹni tó kó àkọ́kọ́, gbèsè ló jẹ, ó jẹ ẹ̀yin mẹ́sàn-án yòókù. Ẹni tó kó kẹ́yìn, ìfowópamọ́ ló ṣe. ₦10,000 kan náà ni wọ́n ń dá! Kò sì sí èlé láàárín wọn. Torí náà, tó o bá jẹ ápù ní ₦80,000, bẹ àwọn ẹgbẹ́ ẹ kí wọ́n jẹ́ kó o kó ìkíní tàbí ìkejì. San ₦80,000 yẹn, ₦20,000 tó kù, òun ni owó kékeré tí à ń sọ. Láti ìgbà yẹn, ₦10,000 lóṣù lò ń san, èlé ti kú. Gbèsè àti kóló ti parí lẹ́ẹ̀kan náà.

Kẹ́ ẹ má jẹ èésú o! Ẹni tó kó ìkíní tó wá dákẹ́ ní oṣù kẹta, ẹ̀tẹ́ tó ń bọ̀ wá bá a kò ṣeé fi wé ti ápù. Tí ₦10,000 ò bá dá ẹ lójú, wá ẹgbẹ́ tó ń dá ₦5,000. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ rí i rọ̀ jù wá lọ: ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń yáni ní ìlọ́po méjì owó téèyàn ti fi síbẹ̀, èlé ibẹ̀ kò sì súnmọ́ ti ápù rárá. Ẹ wọlé síbẹ̀ kó tó di pé ẹ nílò owó.

Ó ku gbèsè ọ̀rẹ́ àti ẹbí. Ìṣirò ní kó wà lẹ́yìn pátá, nítorí kò bí èlé. Èmi sọ pé rárá. Ẹni tó lè yá ẹ ní ₦15,000 lálẹ́ láìbi ẹ́ léèrè méjì, òun gan-an ni kóló tó o ní tẹ́lẹ̀. Tó o bá ń sá fún ìpè ẹ̀, ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ fọ́ ọ. Pè é, sọ ìgbà tó o máa parí ẹ̀ fún un, kó o máa fi ₦2,000, ₦3,000 ránṣẹ́ lóṣooṣù, bó ti wù kó kéré tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èésú tí kò tíì kún, ẹ lè sọ̀rọ̀ sábẹ́ ibí kí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé àdúgbò rí yín. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ẹni tẹ́ ò mọ ilé ẹ̀, ẹ má sì fi nọ́ńbà àkáǹtì yín síta. Àwọn gbájúẹ̀ náà ń ka tírẹ́ẹ̀dì yìí.