Ọlọ́dẹ Kọ́ Ni Agbowó-òde

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2017, Microsoft fi àpdéètì kan ránṣẹ́ láti dí ihò kan tó wà nínú Windows. Oṣù méjì kò tíì pé tí fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry fi gba ihò náà wọlé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan nínú oṣù karùn-ún, ó ti ti kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 pa ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó ń béèrè owó ìràpadà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ní Bìrìtéènì, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní láti dá aláìsàn padà sílé. Bẹ́ẹ̀, àtúnṣe ti wà nílẹ̀. Àwọn tó kàgbákò ni kò tíì gbà á.

Ìdí tí èèyàn fi ń sá fún àpdéètì pọ̀. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó; òmíràn, kò ráyè. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń tẹ̀wé, tí mo sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Agbowó, nílùú Ìbàdàn, mo mọ ọ̀kan tí àwọn onímọ̀ kì í sábà mẹ́nu bà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa àpdéètì yìí." Báyìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wí kí wọ́n tó gbé láptọ́ọ̀pù kalẹ̀ tán. Tí mo bá ní kí ló dé, dátà ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. Mo gbà fún wọn. Ẹni tó ra gígì díẹ̀ kó lè fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́, kò ní fẹ́ kí Windows jẹ ẹ́ tán kó tó ṣí ímeèlì. Ìdí kejì ni wọ́n máa ń rọra sọ: Windows tí wọ́n fi sí i fún wọn kì í ṣe ojúlówó, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé bí àpdéètì bá wọlé, àṣírí á tú, ojú ẹ̀rọ á dúdú.

Ta ló kọ́ wọn ní ẹ̀rù yìí? Microsoft fúnra rẹ̀ ni. Ní ọdún 2006, ó gbé ohun kan tó pè ní Windows Genuine Advantage gba ọ̀nà tí àpdéètì ààbò ń gbà wọ inú Windows XP. Kò dí ihò kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wò ó bóyá ojúlówó ni Windows tó wà lórí ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí àwọn tí ojú wọn là fi rí i pé ojoojúmọ́ ló ń ránṣẹ́ sílé, láìsọ fún ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Àwọn kan gbé Microsoft lọ sí kóòtù ní Seattle lóṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n ní amí ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní kì í ṣe amí, ṣùgbọ́n ó gbà pé lóòótọ́ ló ń ránṣẹ́, ó sì dín in kù. Lóṣù kẹjọ ọdún 2007, ẹ̀rọ tó ń ṣàyẹ̀wò yìí dojú rú ní ọ̀dọ̀ Microsoft. Àwọn tó fi owó gidi ra Windows wá di oníjìbìtì lójú kọ̀ǹpútà ara wọn. Nígbà tó di 2008, ojú ẹ̀rọ XP tí kò bá yege bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú ní wákàtí wákàtí.

Olọ́jà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó ọjà rẹ̀. N kò gbè sẹ́yìn ayédèrú. Kódà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń já Windows, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ní kí o ṣe ni kí o pa ohun tó ń lé fáírọ́ọ̀sì. Kí ni wọn ò fẹ́ kó rí?

Ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ tí àdúgbò gbà pé kó máa ṣọ́ ilé lóru, tó bá wá ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kiri láti mọ ẹni tí kò tíì san owó-orí, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un lọ́jọ́ tí olè bá dé? Òótọ́ ni pé Microsoft kò fi àpdéètì ààbò tó ṣe kókó du àwọn tó ń lo ayédèrú. Ṣé àwọn tó ń lò ó mọ̀? Ọ̀nà kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà wọlé.

Àyẹ̀wò láísẹ́ǹsì, ìyẹn bóyá ojúlówó ni Windows, tilẹ̀ ti wá kéré nínú ohun tí Microsoft ń wò lórí ẹ̀rọ. Ní 2016, àjọ CNIL tó ń dáàbò bo dátà ní ilẹ̀ Faransé tú Windows 10 wò. Wọ́n rí i pé ó ń kọ orúkọ áàpù tí èèyàn fi sórí ẹ̀rọ sílẹ̀, àti bí ó ṣe ń pẹ́ tó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ó pọ̀ jù. Nígbà tó fi di 2017, Microsoft ti dín ohun tó ń kó ní ìpele tó kéré jù kù sí nǹkan bí ìdajì, Windows sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìdajì tí wọ́n yọ yẹn, kí ni wọ́n ń fi ṣe tẹ́lẹ̀?

Àwa náà ní òfin. Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu Òfin Ìdáàbòbò Dátà lóṣù kẹfà ọdún 2023. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́; òfin yìí ní rárá o, ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà. Ó sì kan ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó bá ń lo dátà ẹni tó wà ní Nàìjíríà. Tí ẹnikẹ́ni bá ní wọn ò ní gbọ́ tiwa, kó rántí pé lọ́dún 2024, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, ọ̀rọ̀ dátà oníbàárà sì wà lára ẹ̀sùn náà.

Mo bẹ àjọ NDPC tí òfin gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́: ẹ pe àwọn tó ń ṣe Windows, fóònù àti áàpù wá síwájú. Ẹ ní kí àpdéètì ààbò dá wọlé, fún gbogbo ẹ̀rọ, ìbáà ṣe ojúlówó tàbí ayédèrú, torí fáírọ́ọ̀sì tó wọ ẹ̀rọ ayédèrú lè gba ibẹ̀ wọ tojúlówó. Kí àyẹ̀wò láísẹ́ǹsì máa kanlẹ̀kùn lórúkọ ara rẹ̀. Kí ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n kó ìsọfúnni òun lè wí bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ààbò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.