Ọgbà Kì í Ṣe Ògiri

Ọ̀rọ̀ àgbàlá ni mo mú wá síwájú yín lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, ‘Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìjọba àti ọ̀rọ̀ ìwé, ẹ̀yìnkùlé ni òun ń rò ní tirẹ̀.’ Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí mo bá parí ọ̀rọ̀ mi tí ẹ̀rín náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu wọn, a jẹ́ pé èmi ni n kò mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Mo ní àwa ọmọ Yorùbá òde òní ń mọ ògiri yí ilé wa ká, a ń pe ohun tí ó wà láàrin rẹ̀ ní ọgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọgbà kankan níbẹ̀. Mo sì ní ohun tí ó ń sọ àgbàlá di ọgbà kì í ṣe ògiri, kì í ṣe koríko tí a gẹ̀ bí irun orí, kì í sì í ṣe òdòdó inú ìkòkò. Àgbàlá di ọgbà nígbà tí àwọn ará ilé bá ń pe ewé inú rẹ̀ ní orúkọ, tí ọwọ́ wọn sì ń kàn án lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí èdè ni iṣẹ́ tí mo wá kọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà, ọgbà, ni a fi ń pe odi tí a ṣe yí nǹkan ká, òun náà ni a sì fi ń pe ibi tí odi náà yí ká. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kò yàtọ̀ sí wa. Garden àti yard, orísun kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá, ìtumọ̀ orísun náà sì ni ibi tí a sé mọ́. Paradise pàápàá, láti inú èdè àwọn ará Páṣíà àtijọ́ ni ó ti wá, ohun tí a mọ odi yí ká ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹnìkan lè wá dá mi lóhùn pé, ‘O kò rí i bí? Ògiri náà ni ọgbà.’ Rárá o. Kí ni a ṣe ń sé ilẹ̀ mọ́? Nítorí ewúrẹ́ ni, kí ó má baà jẹ ohun tí a gbìn. Bí kò bá sí ohun tí ewúrẹ́ lè jẹ nínú ilé, kí ni odi ń ṣọ́? Ọgbà kan wà lóòótọ́ tí ó jẹ́ ògiri gíga àti ilẹ̀ líle lásán, tí kò sí ewé nínú rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ gbé ibẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni orúkọ rẹ̀.

Ọmọ Agbamu ni mí, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àgbàlá ìyá àgbà wa ti rí kí ọ̀làjú tó dé bá a. Níwájú ilé, ilẹ̀ pupa ni, ó le, ó sì mọ́, igi ọ̀dán kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn baba ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́, bọ̀tujẹ̀ ni a fi ṣe ọgbà, àwa ọmọdé a sì máa fẹ́ oje rẹ̀ bí ìfófòó ọṣẹ. Pèrègún dúró ní ààlà, kò sì sí ẹni tí ó lè sún un kí ìjà má ṣẹlẹ̀. Ewúro wà lẹ́bàá ilé ìdáná, efinrin sì tẹ̀ lé e. Níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, ibẹ̀ ni rínrín ń hù sí fúnra rẹ̀, nítorí ibi tútù ni rínrín ń fẹ́. Ọ̀dúndún kò jìnnà sí i. Lórí ààtàn, ìbẹ́pẹ hù láti inú èso tí a jù nù, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sì hù yí i ká. Akòko kan wà lẹ́yìn pátápátá, nítorí pé agbo ilé tí ó bá ń retí oyè kì í wá ewé oyè lọ sí ilé ẹlòmíràn.

Àlejò tí ó bá wò ó yóò sọ pé igbó ni. Kì í ṣe igbó. Ètò wà níbẹ̀, àmọ́ ojú tí a fi ìwé àwòrán kọ́ kò lè rí i. Ohun tí a ń fẹ́ ní kánjúkánjú ni ó sún mọ́ ilé jù lọ. Bí inú bá ń run ọmọ ní òru, a kì í tan fìtílà lọ sí oko wá efinrin. Ohun tí a ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó lè jìnnà díẹ̀. Ohun tí ó ń fẹ́ omi wà níbi tí omi ń gbà, ohun tí ó ń fẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá wà lórí ààtàn. Bí olùkọ́ àgbẹ̀ bá fẹ́ kọ́ni ní ètò, kí ni yóò fi kún èyí?

Ilẹ̀ gbígbá náà, apá kan ọgbà ni. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí ìyá àgbà má ti gbálẹ̀, ojú ọwọ̀ a sì hàn lórí ilẹ̀ bí ìlà aṣọ òkè. Àwọn tí ó kàwé díẹ̀ ní ilé òtòṣì ni a ti ń gbá ilẹ̀ lásán, wọ́n ní ọlọ́rọ̀ ń gbin koríko. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó wà lókè òkun. Ní 1992, Richard Westmacott tẹ ìwé kan jáde lórí ọgbà àti àgbàlá àwọn ènìyàn dúdú ní abúlé Georgia, South Carolina àti Alabama ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó rí àgbàlá tí a ń gbá mọ́ tónítóní níbẹ̀, tí a kò jẹ́ kí koríko hù sí i, àwọn onímọ̀ kan sì rí ọwọ́ àwọn baba ńlá wa nínú àṣà náà. Wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú, wọ́n gba orúkọ wọn, síbẹ̀ ọwọ̀ kò kúrò lọ́wọ́ wọn. Àwa tí ẹnikẹ́ni kò kó lẹ́rú ni à ń jù ú nù.

Koríko tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ wa yìí ńkọ́? Àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ ọ́ di nǹkan ńlá. Ẹni tí ó bá fi ilẹ̀ tí ó lọ súà gbin koríko tí a ń gẹ̀ lásán, ohun tí ó ń sọ fún aládùúgbò rẹ̀ ni pé, ‘Ilẹ̀ tí mo ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ebi kò fi lè mú mi dáko sí i.’ Dòjé gígùn ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gẹ̀ ẹ́, títí Edwin Budding fi ṣe ẹ̀rọ tí ń gẹ koríko ní 1830. Ilẹ̀ wọn tutù, òjò winniwinni ń rọ̀ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ní Agbamu ẹ̀wẹ̀, bí ọyẹ́ bá dé, koríko náà a gbẹ bí èkìtì ahéré. Àwọn tí wọ́n bá fẹ́ kí ó wà ní tútù yóò bu omi kànga sí i nígbà tí aládùúgbò wọn ń wá omi mímu kiri. Ṣé ẹwà nìyẹn?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra ohun àjèjì. Ilẹ̀ Íńdíà ni mángòrò ti wá, àti dongoyárò pẹ̀lú. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìbẹ́pẹ, kajú àti gbágùúdá ti wá. Wọ́n dé, a lò wọ́n, a sọ wọ́n lórúkọ, wọ́n di ará ilé. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ewé rẹ̀ wó sílẹ̀ bí agọ̀, tí wọ́n ń gbìn sí ìlà sí iwájú ilé àwọn olówó. Láti ìhà Íńdíà ni òun náà ti wá. Masquerade tree ni gbogbo wa ń pè é. Ó jọ eégún lójú wa, Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi sọ pé ó jọ ọ́! Igi tí kò ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún wa kò rí orúkọ gbà lọ́wọ́ wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa tí a ń kọ́ èdè nìyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnìkan nínú ẹbí wa tí Ọlọ́run bù kún ní ìlú ńlá pe ìpàdé, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ wá bá òun ṣọdún, ojú sì ń ti òun nítorí ẹ̀yìnkùlé wa. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n wú bọ̀tujẹ̀, wọ́n gé akòko, wọ́n mọ ògiri, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì àti íntálọ́ọ̀kì bo gbogbo ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ògiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kí i kú iṣẹ́. Lónìí, owó ni ìyá àgbà fi ń ra ewúro lọ́jà. Bí oòrùn bá wọ̀, ooru inú sìmẹ́ńtì náà kì í jẹ́ kí a jókòó síta. Àbúrò mi kékeré, tí ó ti di ọmọ ọdún méje, kò mọ ewúro yàtọ̀ sí efinrin bí a bá kó méjèèjì fún un. Ó mọ ọbẹ̀ ewúro o! Ewé rẹ̀ ni kò mọ̀.

Ewúro tí a wú kò kú ní òun nìkan. Ó mú já ewé, fọ ewé, fún oje dání lọ. Rínrín lọ, ó mú ọ̀rọ̀ ìtutù lọ. Ẹni tí kò bá rí patanmọ́ kí ó fi ọwọ́ kàn án kí ó sì rí i bí ó ti pa ara rẹ̀ dé, báwo ni a óò ti ṣe àlàyé orúkọ rẹ̀ fún un? Ẹni tí kò bá rí ọmọ tí ń hù ní etí ewé àbámodá, kí ni yóò gbọ́ nínú ọfọ̀ tí a bá fi ewé náà pè? Pierre Verger, nínú ìwé rẹ̀ Ewé tí ó jáde ní 1995, fi hàn pé orúkọ ewé àti iṣẹ́ tí a ń rán ewé so mọ́ ara wọn nínú ọfọ̀ wa. A ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, a ń kọ àkọsílẹ̀, a sì ń yege ìdánwò, láìmọ ewé kan nínú mẹ́wàá bí a bá bá a pàdé lójú ọ̀nà. Ìmọ̀ wo nìyí?

Ní Ẹ̀sìẹ́, tí kò jìnnà sí wa, ère òkúta tí ó ju 1,000 lọ wà, a sì kọ́ ilé fún wọn ní 1945, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta lè dúró nínú igbó kí ó máa dúró de ẹni tí yóò rí i. Orúkọ ewé kò lè dúró. Bí ẹnu kan kò bá pè é fún ìran kan, ó tán.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní ejò. Eku ni ejò ń wá, ìdọ̀tí ni eku ń wá, ilẹ̀ tí a gbá ni ó sì ń fi ipa ejò han ènìyàn. Wọn yóò ní ẹ̀fọn. Omi tí ó dúró sójú kan ni ẹ̀fọn ń yé sí, nínú agolo àti nínú gọ́tà, kì í ṣe lórí ewé ewúro. Láti ayé àwọn wolé-wolé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń bẹ̀rù ewé ẹ̀yìnkùlé bí ẹni pé òun ni àrùn. Wọn yóò ní ẹrẹ̀. Ẹ fi sìmẹ́ńtì ṣe ojú ọ̀nà láti ẹnu géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn, n kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n bí a bá bo gbogbo ilẹ̀, níbo ni òjò yóò wọlé sí? Ìbàdàn rí ìjà omi ní 1980 nígbà tí Ògùnpa kún, ó sì tún rí i ní 2011. Kì í ṣe sìmẹ́ńtì àgbàlá nìkan ni ó fà á, mo mọ̀. Síbẹ̀, omi tí ilẹ̀ kò bá mu, ọ̀nà ilé ẹnìkan ni yóò gbà. Òwe wa ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Aṣeni àgbàlá wa kì í ṣe ejò. Inú ilé ni ó ń gbé, ojú a sì máa tì í nítorí ewúro ìyá rẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹni tí ó bá ń kọ́lé, kí ó fi ìdajì ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí, bí a bá lọ ìsinmi, kí olúkúlùkù wa jókòó ti àgbà kan nílé, kí ó kọ orúkọ ogún ewé àgbàlá sílẹ̀ ní ẹ̀ka èdè ìlú rẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, kí ìwé ìròyìn wa sì tẹ̀ wọ́n jáde. Bí ilé-ẹ̀kọ́ wa bá sì ń kan pátákó mọ́ igi, kí orúkọ Yorùbá wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Látìn. Kò ná wa ní ohun kan ju ìtìjú tí a óò bọ́ sílẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà wa ní inú ‘ogbó mọ̀nà’ ni orúkọ Ìgbómìnà ti wá, nítorí ogbó tí àwọn baba ńlá wa mú rin ìrìn àjò, àdá tí ó mọ ọ̀nà nínú igbó. Àdá tí ó bá mọ ọ̀nà, ó mọ èyí tí a ń gé, ó sì mọ èyí tí a ń dá sí. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó jẹ́ orúkọ náà bi ara wọn léèrè èwo ni wọ́n ń gé.