Igi Ni Kí Ọdẹ Orí Òkè Ra Ayùn Fún, Kì Í Ṣe Eegun

Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá wọlé ní apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, tí ewé igi aspen bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lára Òkè Rocky, tí akọ elk, ọba ẹranko orí òkè, oníwo ẹ̀ka-yọ-ẹ̀ka, sì ń ké kiri àfonífojì láti pe abo, àwọn ọdẹ Colorado, Wyoming, Montana àti Idaho a máa pọn àpò wọn sẹ́yìn, wọn a fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà parí sí, wọn a sì fi ẹsẹ̀ rìn wọ igbó lọ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú igbó wọ̀nyí ni òfin ọdún 1964, èyí tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí, ti yà sọ́tọ̀ pé ohun ẹlẹ́ńjìnì kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀: mọ́tò kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, alùpùpù kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, ayùn ẹlẹ́ńjìnì tí àwọn agégẹdú wa fi ń wó ìrókò lulẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dún níbẹ̀. Ohun tí ọdẹ bá máa fi gé igi, ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni yóò fi gbé e débẹ̀, apá ara rẹ̀ ni yóò sì fi fà á. Ìdí nìyí tí ayùn kékeré tó ṣeé ká, tó ṣeé kì bọ àpò, fi di ohun tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ ń jiyàn lé lórí títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Bí ọmọ ọdẹ láti ilẹ̀ wa bá bá ara rẹ̀ lórí òkè yẹn, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ni àdá ṣe. Èmi náà kò ní kẹ́gàn àdá, nítorí kò sí ẹni tí í kẹ́gàn ohun tí Ògún Alákáayé, Ọ̀sìn Imọlẹ̀, fi lé ọdẹ lọ́wọ́. Igbó tiwa, níbi tí ìtàkùn àti igi tútù wẹ́wẹ́ ti ń dí ọ̀nà, àdá ló tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n igi páìnì àti spruce ló kún orí òkè wọ̀nyẹn, àwọn tó kú tí wọ́n gbẹ síbẹ̀ ló dára fún iná, àdá a sì máa ta padà lára wọn. Ẹni tí òtútù ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di kíkú, tó ń ju irin mímú sókè sódò níbi tó jìnnà sí dókítà ní ìrìn odindi ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Ayùn kì í ta. Ibi tí a bá gbé e lé náà ni yóò máa jẹ.

Bí ẹ bá wá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ ọdẹ, ayùn eegun ni wọ́n máa ń tètè nà síni, nítorí ẹni tó ń lọ pa ẹran tó lè wọn 300 kìlógíráàmù kò lè ṣaláì rò pé eegun ni yóò dá òun dúró. Èrò náà kò burú, àmọ́ kò jinlẹ̀. Apá elk kò fi oríkèé kankan so mọ́ àyà rẹ̀. Ẹran àti iṣan nìkan ló dì í mú, ọ̀bẹ kékeré a sì bọ́ ọ kúrò wọ́ọ́rọ́wọ́. Itan ní oríkèé ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ibi tí oríkèé gbé wà yóò ti ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, yóò gé iṣan funfun tó wà láàárín, itan yóò sì yà lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò ré ẹran ẹ̀yìn kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀pá ẹ̀yìn, tí yóò na ọwọ́ sábẹ́ ìhà ìkẹyìn láti fa èyí tó rọ̀ jù nínú gbogbo ẹran náà yọ, tí kò sì ní la ikùn rẹ̀ rárá. Àwọn tó gbówọ́ lórí òkè yẹn ti ń ṣe é báyìí tipẹ́, ayùn kì í sì í jáde nínú àpò wọn títí iṣẹ́ fi parí.

Ìdí kejì ló wúwo jù lójú mi. Ní 1967, ní ibùdó ìwádìí kan ní Fort Collins ní ìpínlẹ̀ Colorado, a ṣàkíyèsí pé àwọn àgbọ̀nrín tó wà nínú ọgbà ń rù, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, ìrìn wọn kò gún mọ́, wọ́n sì ń kú. Àrùn náà ni wọ́n ń pè ní CWD lónìí, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ àti ilẹ̀ Kánádà. Kì í ṣe kòkòrò ló ń fà á. Purotéènì kan tó ti yí padà, tí wọ́n ń pè ní prion, ni. Inú ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ló máa ń pọ̀ sí, síse lórí iná kò sì ràn án. Kò tíì sí ẹ̀rí pé ènìyàn kan ti jẹ ẹran bẹ́ẹ̀ kó o, síbẹ̀ àwọn aláṣẹ ìlera ń kìlọ̀ pé kí ọdẹ má ṣe fi ayùn la ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí agbárí bí ó bá ti lè yẹra fún un, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣòfin pé a kò gbọdọ̀ gbé odindi orí tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹran láti ibi tí àrùn náà wà kọjá ẹnubodè wọn. Ẹ wá wò ó: eyín ayùn tó kún fún kọ́lọ́fín, tí ọ̀rá àti ìyẹ̀ eegun ti há sí, báwo ni ẹnikẹ́ni yóò ṣe fọ̀ ọ́ mọ́ létí odò dídì, kó tó tún fi kan ẹran tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ yóò jẹ?

Igi, nígbà náà, ni iṣẹ́ ayùn. Yìnyín lè bọ́ lórí òkè yẹn nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá tutù rinrin kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa gbọ̀n títí ọkàn rẹ̀ yóò fi dàrú, tí kò ní mọ ọ̀nà mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ti wá ń ru àgọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ààrò titanium tó ṣeé ká pọ̀ bí ìwé, tí ẹnu rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí igi tó bá gùn ju ìgbọ̀nwọ́ kan kò lè wọ̀ ọ́ dáadáa. Láìsí ayùn, ẹrù lásán ni ààrò náà. Ayùn náà ni yóò gé ọ̀pá tí a óò fi itan àti apá ẹran kọ́ síbi òjìji kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ wọn, òun ni yóò sì la igi tó wó dí ọ̀nà ẹṣin.

Mo yọ Alaska sọ́tọ̀ díẹ̀. Akọ moose, ẹranko oníwo tó tóbi ju elk lọ, tó dàgbà dáadáa níbẹ̀ lè wọn 700 kìlógíráàmù, ó sì ní apá ibi tí òfin ti pàṣẹ pé ẹran apá, itan àti ìhà gbọ́dọ̀ wà lára eegun wọn títí a ó fi gbé wọn kúrò nínú igbó. Ẹni tó fẹ́ gé ìhà irú ẹran bẹ́ẹ̀ sí ìwọ̀n tí ẹ̀yìn ènìyàn lè gbé nílò ayùn eegun, n kò ní bá a jà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ayùn, kí ó tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ gan-an ni. Eyín mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú íńṣì kan ló dára fún igi, nítorí àlàfo tó wà láàárín wọn ni yóò máa kó lẹ́búlẹ́búú igi jáde. Èyí tó bá pọ̀ tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti eegun ni, yóò sì rẹ apá ẹni tó bá fi gé igi tútù. Ayùn àwọn ará Japan a máa gé nígbà tí a bá ń fà á bọ̀, èyí ló sì jẹ́ kí irin rẹ̀ lè fẹ́lẹ́, nítorí irin tí a ń tì ni í ká, èyí tí a ń fà kì í ká. Silky, láti ìlú Ono ní Japan, ń ṣe Gomboy tí irin rẹ̀ gùn tó 240 mìlímítà àti Pocketboy tó gùn tó 170. Laplander ti Bahco, tí orísun rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ Sweden, gùn tó 190, tiẹ̀ a sì máa gé ní àlọ àti àbọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ń ru ààrò kò gbọdọ̀ mú èyí tó kéré sí 240, ẹni tí kò bá rù ú, Laplander tó o. Ayùn Wyoming, tí a ń tú palẹ̀ sínú àkọ̀ awọ, lágbára, ó sì ní irin igi àti irin eegun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó bá bọ́ sínú yìnyín lálẹ́ ti sọ ọ́ di irin lásán. Ní ti ayùn olókùn onírin tí wọ́n ń ká bí òrùka, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Bí a bá wá ra ayùn tán, kò tíì di tiwa. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ọlọ́wọ́ ló ń gbẹ́ ẹ fún un, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ayùn. Ilé iṣẹ́ ń ṣe èèkù fún ọwọ́ gbogbo ayé, ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ onírun sì yàtọ̀ sí èyí tó wà ní òfìfo, nítorí náà ẹ fi okùn tàbí téèpù tí kì í yọ̀ wé e, kí ẹ sì jẹ́ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, nítorí irinṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí aláwọ̀ ewé tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú igbó ti di ti igbó nìyẹn. Ẹ lu ihò sí ìdí èèkù, kí ẹ fi okùn bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dín ìwúwo kù lè gé díẹ̀ kúrò nínú èèkù gígùn, ṣùgbọ́n kí ó má dín in kọjá ibi tí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ti lè dì í mú. Ẹ̀yìn irin náà, ẹ lè fi fáìlì ṣe é kí etí rẹ̀ mú, kí ó lè máa ha iná jáde lára ọ̀pá ìṣáná, àmọ́ ẹ rọra ṣe é: bí ẹ bá fi ẹ̀rọ ìlọrin lọ̀ ọ́ títí ó fi yí àwọ̀ padà sí búlúù, líle rẹ̀ ti lọ. Ẹ má sì fọwọ́ kan eyín rẹ̀. Púpọ̀ nínú ayùn òde òní ni wọ́n ti fi iná sọ eyín wọn di líle tó bẹ́ẹ̀ tí fáìlì kò lè ràn án. Bí ó bá kú, irin tuntun ni a ń rà sí i.

Iṣẹ́ eegun kan ṣoṣo tó kù ni ti ìwo, bí ọdẹ bá fẹ́ gé e pẹ̀lú awẹ́ agbárí tó dì í mú, kó lè gbé e dé ilé. Ohun tí mo fara mọ́ ni ọgbọ́n àwọn tó ń ra irin ayùn oníná tí àwọn mọlémọlé ń lò, irú èyí tí Milwaukee ti ń tà pẹ̀lú Sawzall láti 1951, tí wọ́n á fi igi líle gbẹ́ èèkù kúkúrú sí i. Kò wúwo, kò sì wọ́n. Ẹ gé ìwo gbẹ̀yìn, nígbà tí gbogbo ẹran jíjẹ ti wà nínú àpò rẹ̀, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ sì dì irin náà lọ́tọ̀ láti lọ sọ nù, kí ayùn igi yín má baà kan ọpọlọ ẹran láé.

Àlejò tó ń wá pa akọ elk ní Colorado ń san ju 700 dọ́là lọ fún ìwé àṣẹ nìkan, àwọn ayùn tí mo dárúkọ sì wà tí owó wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí láti lọ ra ayédèrú. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wá igi gbígbẹ tó nípọn tó itan ọmọdé, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ óò wọ̀ lórí òkè, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gé e, kí ẹ tún fi òsì gé e, kí ẹ sì máa wo ibi tí irin ti ń kó sínú èèkù. Bí ìdè ibẹ̀ bá mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín.