Dúpẹ́ Kan Ṣoṣo, Kọ̀ǹpútà Sọ Ọ́ Di Mẹ́rin

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n kí lèèyàn ó ti wí, bí kọ̀ǹpútà bá ní òun ò mọ orúkọ tí wọ́n kọ sínú òun lánàá?

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan kó orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìyá aláṣọ kan tó ń jẹ́ Dúpẹ́ wá gba owó rẹ̀. Akọ̀wé tẹ Dúpẹ́, kọ̀ǹpútà ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ariwo á ta! Wọ́n á ní akọ̀wé ti kówó jẹ. Ó tì o, ẹnikẹ́ni ò jalè. Àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Kọ̀ǹpútà ò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ìlànà ASCII tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1963, àyè 128 péré ló ní. Ẹ, ọ àti ṣ ò ríbi jókòó níbẹ̀. Ìlànà Unicode, tó jáde ní 1991, ni wọ́n fi ń wá àyè fún lẹ́tà gbogbo ayé. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní. Ṣùgbọ́n ẹ́, tó wọ bàtà tó tún dé fìlà, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Títò ni wọ́n ń tò ó pọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n lè gbà tò ó. Èkíní, kí e lásán wọ bàtà, kó wá dé fìlà. Èkejì, kó dé fìlà kó tó wọ bàtà. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n mú ẹ tó ti wọ bàtà láti ilé, kí wọ́n dé fìlà fún un. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n mú é tó ti dé fìlà, kí wọ́n wọ bàtà fún un. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà tí wọn ò kọ́ dáadáa, ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Èdè wà tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ni Python. Bí káfíńtà ṣe ní àpótí irinṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Python ní tirẹ̀ tó bá a wá láti ilé. Láti ìgbà tí Python 3 ti jáde ní 2008, Unicode ló fi ń kọ ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, nọ́ńbà ló ń kà. Dúpẹ́ jẹ́ lẹ́tà 4 lójú èèyàn. Python lè kà á sí 5, ó sì lè kà á sí 7, bí wọ́n bá ṣe tò ó ni.

Òògùn rẹ̀ wà nínú àpótí kan náà. Irinṣẹ́ kan ń bẹ nínú unicodedata tó ń jẹ́ normalize. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tún ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò sí ọ̀nà kan. Bí wọ́n bá fi to orúkọ tí wọ́n ń tọ́jú, tí wọ́n tún fi to èyí tí wọ́n ń wá, Dúpẹ́ á bá Dúpẹ́ pàdé. Èdè Swift kò tiẹ̀ dúró de ẹnìkan: ó ka ẹ́ sí lẹ́tà 1, ó sì mọ̀ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu.

Àwọn kan á ní, ẹ kúkú yọ àmì kúrò jàre! Ẹ má gbà. Bí wọ́n bá yọ àmì lára ọlá, ọlà àti ọ̀la, iyì, ọrọ̀ àti ọjọ́ iwájú á di ola kan náà. Ta ló máa mọ èyí tí bàbá fi sọ ọmọ rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kó orúkọ ẹgbẹ́ yín sínú kọ̀ǹpútà, ẹ má kàn wo bó ṣe ń dán. Ẹ ní kó tẹ Dúpẹ́ ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú yín. Bí kọ̀ǹpútà bá rí i lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ sanwó iṣẹ́. Bí kò bá rí i, ẹ ní kó padà sídìí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ò tíì tán.