Ẹ Bá Wa Fi Ọjọ́ Ìbí Màmá Ransome-Kuti Ṣiṣẹ́: Ẹ̀bẹ̀ sí Ọmọ Ẹ̀gbá Nílé àti Lẹ́yìn Odi

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, láti Aké dé Òkè-Ọnà, láti Gbágùrá dé Òwu, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ ajé tàbí ìwé gbé dé Èkó, Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti ibòmíràn, ẹgbẹ́ wa kò kọ ìwé yìí láti tọrọ owó àríyá. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún ni a wá bẹ̀ yín fún: 25 oṣù kẹwàá, ọjọ́ tí wọ́n bí Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta ní 1900. A fẹ́ kí ìlú wa máa fi ọjọ́ náà rántí rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ìrántí ọ̀hún sì jẹ́ iṣẹ́. Kí a máa kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àti ìṣirò, kí a máa la ìwé owó-orí àti owó ọjà yé wọn, kí a sì máa gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà kí wọ́n tó lọ tán. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ní ìbéèrè. Àwọn ìbéèrè náà tọ́, a ó sì gbìyànjú láti dáhùn wọn.

Bí ẹ bá bi ọmọ ilé-ìwé léèrè lónìí ta ni Màmá Ransome-Kuti, ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu wọn jù ni pé òun ni obìnrin tó kọ́kọ́ wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Òmíràn á ní ìyá Fẹlá ni. Lóòótọ́ ni ó wa mọ́tò nígbà tí obìnrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ó sì bí Fẹlá, ó bí Olíkóyè, ó bí Bẹ́kọ̀, ó bí Dolúpọ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò kò gba ìyá ọlọ́jà kankan lọ́wọ́ agbowó-orí. Bí ohun tí ọmọ mọ̀ nípa rẹ̀ bá kéré tó yìí, kì í ṣe pé a kò yẹ́ ẹ sí. Ìjọba fún un ní oyè MON ní 1965, Yunifásítì Ìbàdàn fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin ní 1968, Soviet sì fún un ní Ẹ̀bùn Àlàáfíà Lenin ní 1970. Ní 2012, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa fẹ́ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ti Margaret Ekpo àti ti Gambo Sawaba sára owó 5,000 náírà kí wọ́n tó dá ètò náà dúró. Google fi àwòrán rẹ̀ sí ojú ewé wọn ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní 2019, fíìmù nípa ayé rẹ̀ sì dé sinimá ní 2024. Inú wa dùn sí gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, oyè àti àwòrán ń sọ fún ènìyàn pé ẹnìkan tóbi ni, wọn kì í kọ́ ọ ní ohun tí ẹni náà ṣe, áḿbọ̀tórí bó ṣe ṣe é. Bó ṣe ṣe é gan-an ni ogún tó fi sílẹ̀ fún wa.

Owó-orí ló dá ìjà sílẹ̀. Láti 1918 ni ìjọba amúnisìn ti ń gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń san tiwọn lọ́tọ̀ bí ọkọ wọn tilẹ̀ ti san. Ọmọkùnrin a pé ọdún 16 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san, ọmọbìnrin ní tirẹ̀, ọdún 15 ti tó. Nígbà tí ọjọ́ orí bá sì rú wọn lójú, àwọn agbowó-orí a máa tú aṣọ lára ọmọge láti fi wò ó bóyá ó ti tó san. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún ń gba ìrẹsì mọ́ àwọn ọlọ́jà lọ́wọ́. Kò sì sí obìnrin kan tó jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ apá yìí nínú ìtàn náà, wọ́n sì mọ bó ṣe parí. Àárín rẹ̀ ni a ń fò. Ẹgbẹ́ tí Màmá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1932, Abeokuta Ladies' Club, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni. Iṣẹ́ ọwọ́, oúnjẹ sísè àti ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n ń bójú tó. Nígbà tó di nǹkan bí 1944, àwọn ìyá ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ wọn láti kọ́ ìwé kíkà. Inú kíláàsì yẹn ni àwọn obìnrin tó kàwé ti gbọ́ ohun tí ojú àwọn ọlọ́jà ń rí, inú ibẹ̀ sì ni àwọn ọlọ́jà ti rí i pé ohun tí agbowó-orí kọ sínú ìwé, àwọn náà lè kà á. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union, ó ṣílẹ̀kùn fún ọlọ́jà, aláró àti àgbẹ̀. Màmá bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá, èdè Yorùbá ló sì fi ń bá ìpàdé sọ̀rọ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ọ̀nà náà. Ìwé ẹ̀hónú ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, ó sì kún fún àlàyé. Wọ́n bèèrè bí owó ìlú ṣe ń wọlé àti bí ó ṣe ń jáde. Wọn kò kàn ní kí owó-orí obìnrin kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sọ ibi tí owó mìíràn lè ti wá: kí ìjọba gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń jèrè lórí ilẹ̀ wa. Nígbà tí aláṣẹ kò fún wọn níwèé láti wọ́de, Màmá ní àríyá ni, àjọ̀dún ni àwọn ń lọ ṣe. Ó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe bo ojú bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 pé síwájú ààfin Aké, wọ́n sì wà níbẹ̀ mọ́jú. Nígbà tó di oṣù kejìlá wọ́n tún padà lọ síbẹ̀. Ní 1948 owó-orí àwọn obìnrin dúró. Ní oṣù kìíní 1949, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú ìlú fúngbà díẹ̀, Màmá wà lára wọn. Ìwé kíkà ló bí ìṣirò, ìṣirò ló bí ìbéèrè, ìbéèrè ló bí ìwọ́de. Bí a bá ń ṣe àjọ̀dún ìwọ́de láìṣe iṣẹ́ tó bí i, a kò tíì rántí Màmá Ransome-Kuti.

Àwọn kan yóò sọ pé a ti ní Ọjọ́ Lísàbí, kí la tún fẹ́ fi òmíràn ṣe? A fẹ́ràn Ọjọ́ Lísàbí, a kò sì ní dá a dúró. Àmọ́ kí ni Lísàbí fúnra rẹ̀ ṣe? Ìtàn wa sọ pé àáró ló fi bẹ̀rẹ̀: àwọn ọkùnrin ń bá ara wọn ro oko, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Àáró yẹn ló di ẹgbẹ́ tó gba Ẹ̀gbá kúrò lábẹ́ àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́. Ohun tí Lísàbí fi oko ṣe ni Màmá fi sílétì ṣe. Àwọn méjèèjì kó ènìyàn jọ sídìí iṣẹ́ tí wọ́n nílò kí wọ́n tó kó wọn jọ sídìí ìjà, nítorí náà ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún ti àkọ́kọ́ ti bọ̀wọ̀ fún ìkejì. Ó tún yẹ kí ọmọbìnrin Ẹ̀gbá rí i pé kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ìlú yìí ń dá ọjọ́ fún.

Ìbéèrè tó tún lọ́ wa lára láti dá kọjá ni ti ààfin. Àwọn àgbà kan ń bẹ̀rù pé ọjọ́ yìí yóò dà bí ẹni tó ń ṣàjọ̀dún ọba tó fi oyè sílẹ̀. Ẹ̀rù náà ní ìdí, ọ̀wọ̀ ló sì bí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn náà délẹ̀. Abẹ́òkúta dá dúró fúnra rẹ̀ títí Gẹ̀ẹ́sì fi gba àkóso ní 1914. Àwọn ni wọ́n gbé gbogbo àṣẹ ka orí ọba kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń fi ẹnu rẹ̀ gba owó-orí. Àwọn ìjòyè wa kò mọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà Ogun Àdùbí ní 1918, àwọn ọkùnrin Ẹ̀gbá náà dìde nítorí owó-orí àti iṣẹ́ àfipáṣe, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì ṣàn. Ohun tí wọ́n fi ìbọn wá nígbà náà ni àwọn obìnrin padà fi ìwé àti ìjókòó wá. Ìlú gba Ọba Adémọ́lá padà ní 1950, ó sì wà lórí oyè títí ó fi wàjà ní 1962. Bí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí lójú bá parí rẹ̀ láàárín ara wọn, kò yẹ kí àwa di ìjà wọn mú. Ìrètí wa ni pé iwájú ààfin náà ni kíláàsì àkọ́kọ́ yóò ti wáyé. Ní ti ẹni tó sọ pé ọ̀rọ̀ ẹbí Kútì ni, àwọn ọlọ́jà ti dáhùn fún wa: nígbà tí wọ́n sin Màmá sí Abẹ́òkúta ní 1978, lẹ́yìn tí àwọn ṣójà ti jù ú láti ojú fèrèsé ní ilé Fẹlá ní oṣù kejì 1977, àwọn ọlọ́jà ni wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn láti bá ìlú ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà lẹ ní ẹ̀rí tó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ọjọ́ Ajé kẹta oṣù kìíní ni wọ́n fi ń rántí Martin Luther King níbẹ̀. Ẹni tó bá rí ìsinmi náà lónìí lè rò pé ìjọba ló kàn fi ta aráàlú lọ́rẹ. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n pa King ní oṣù kẹrin 1968 ni John Conyers gbé àbá òfin rẹ̀ wọ ilé aṣòfin, 1983 sì ni Ààrẹ Reagan tó buwọ́ lù ú. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn ènìyàn kò káwọ́ gbera. Coretta Scott King ń ṣáájú wọn, wọ́n ń kó ìbuwọ́lùwé jọ ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù, Stevie Wonder fi orin gbè wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n sì rí i gbà, wọ́n tún padà sídìí rẹ̀: ní 1994, Harris Wofford àti John Lewis, àwọn tó bá King ṣiṣẹ́, gbé òfin kalẹ̀ tó sọ ọ́ di ọjọ́ iṣẹ́ fún àwùjọ, kí ó má bàa jẹ́ ọjọ́ ìsinmi lásán. Àwa fẹ́ ti ibi tí wọ́n parí sí bẹ̀rẹ̀. King kì í ṣe àjèjì sí wa, ó wá sí Èkó ní oṣù kọkànlá 1960 nígbà tí Azikiwe di Gómìnà Àgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ yín tó mọ̀ pé Rosa Parks kò dìde lórí àga bọ́ọ̀sì ní Montgomery ní 1955, ó yẹ kó mọ̀ pé ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìgbà náà ni àwọn ìyá ńlá tirẹ̀ kò dìde níwájú ààfin Aké.

Àtakò tó wúwo jù lójú wa ni pé ọjọ́ kan kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwé. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí a kò fi fẹ́ kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 25 oṣù kẹwàá kí ó sì parí lọ́jọ́ kan náà. Jálẹ̀ ọdún ni kíláàsì yóò máa wà nínú ọjà, nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìpàtẹ. Ọjọ́ náà ni a ó máa forúkọ àwọn tuntun sílẹ̀, tí àwọn tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ yóò sì ka ìwé sétígbọ̀ọ́ ìlú. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìgbà irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti kọjá, kó ronú nípa ìyá tí wọ́n ń fún ní tíkẹ́ẹ̀tì lárààárọ̀ tí kò mọ iye tí wọ́n kọ sí i, tàbí tí oníbàárà fi àlẹ́ẹ̀tì èké hàn lórí fóònù tó sì gbé ọjà fún un. Ní ti owó tí ẹ bá dá, ọjọ́ náà ni a ó máa ka ìṣirò rẹ̀ ní gbangba, kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, lójú àwọn ọlọ́jà. A kò lè ní à ń rántí ẹni tó bèèrè ìṣirò owó ìlú kí àwa sì fi tiwa pamọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ẹ fún wa ní ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀. Ẹ̀yin oníṣirò àti agbẹjọ́rò, ẹ wá la òfin owó ọjà yé wọn ní Yorùbá. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi, ẹ rán ìwé kíkà ní èdè wa, sílétì, gíláàsì ojú fún àwọn àgbà, àti ẹ̀rọ tí a ó fi gba ohùn sílẹ̀. Ti ohùn yìí ni kò lè dúró rárá. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà tí àwọn ìyá rẹ̀ sùn sí iwájú ààfin ti kọjá 85 báyìí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nínú agbo ilé yín, ní Abẹ́òkúta tàbí lọ́dọ̀ yín lókèèrè, ẹ má dúró de ọjọ́ ìbí Màmá. Ẹ jókòó tì í lọ́sẹ̀ yìí, ẹ tẹ fóònù yín kó máa gba ohùn, ẹ bi í léèrè ẹni tó mú un lọ, orin tí wọ́n kọ, ohun tí wọ́n jẹ, àti ẹni tó ṣọ́ ọmọ nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohùn náà lé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa tó súnmọ́ yín lọ́wọ́, pẹ̀lú orúkọ agbo ilé náà.