Kí N Tà Á, Àbí Kí N Tún Un Ṣe?

Ọkọ̀ mi tó ti gbó ń rú èéfín aláwọ̀ aró. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ ọ́ìlì. Mẹkáníìkì mi ní kí n da ọ́ìlì tó ki sí i, kí èéfín náà lè rọlẹ̀, kí n sì tètè tà á. Mo kọ̀ jálẹ̀. Bí ẹni tó rà á bá jẹ́ awakọ̀ takisí tó fi owó àjọ rà á ńkọ́? Bí mo bá sì sọ òótọ́, owó tí n ó gbà kò lè ra òmíràn, láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní ọdún 2023. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ni n ó rà. (Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun, ẹ wo irin tí a fi sọ!) Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tan án, kí n gbọ́ bó ti ń dún, kí n tó sanwó.