Odò Ọ̀ṣun Ti Yí Àwọ̀ Padà: Iṣẹ́ Dé fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Sáyẹ́ǹsì

Àwọn àgbà a máa sọ pé omi kò ní ọ̀tá. Ẹni tí ó bá dúró létí Odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí yóò rí i pé omi ti ní ọ̀tá. Omi náà pọ́n bí omi amọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń tọ́ka sí àwọn tí ń wa wúrà ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀ sínú àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn wọ inú Ọ̀ṣun. Ní ọdún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún ará ìlú pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni UNESCO ti ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ogún gbogbo àgbáyé láti ọdún 2005.

Ní gbogbo ìlú tí odò yìí gbà kọjá ni akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì wà. Inú ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń há ìmọ̀ nípa omi sórí. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá tilẹ̀ kó wọn lọ sétí odò, ọjọ́ kan péré ni: wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹun, ọkọ̀ á sì gbé wọn padà.

Ọjọ́ kan kò lè sọ òtítọ́ nípa odò. Òjò náà a máa sọ omi di pípọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ ní oṣù Keje nìkan kò lè mọ̀ bóyá àgbàrá ni tàbí awakùsà. Ṣùgbọ́n bí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà bá ń lọ sí ojú ibì kan náà lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá nínú ọyẹ́ láìsí òjò, tí omi ṣì pọ́n, ìfura gidi ti wà pé ọwọ́ ènìyàn ń bẹ níbẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá wà lókè odò, tí òmíràn wà nísàlẹ̀, àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì yóò fi ibi tí omi ti dàrú hàn.

Ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n. Ọ̀pá ike gígùn tí ó mọ́ gaara, tí a fa àmì dúdú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó láti fi wọn bí omi ṣe rú tó: wọn yóò máa da omi sí i títí wọn kò fi ní rí àmì náà mọ́, wọn yóò sì kọ gíga omi náà sílẹ̀. Kí wọ́n fi tẹmọ́mítà kún un, àti bébà pH, 6.5 sí 8.5 ni ìlànà Nàìjíríà fàyè gbà fún omi mímu.

Àmọ́ ojú kì í rí òjé tàbí mẹ́kúrì nínú omi. Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún òjé kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú lítà omi kan. Ní ọdún 2010, òjé inú òkúta wúrà pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ ní Zamfara. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ máa fi ìgò omi ránṣẹ́ sí àwọn yunifásítì tí ó wà nítòsí, bí irú ti Ilé-Ifẹ̀ àti Òṣogbo.

Ẹ̀rù àwọn òbí tọ́. Kí ọmọ kankan má ṣe wọ inú odò. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n sì dúró lókè fi okùn fa omi nínú garawa. Àwọn olùsìn Ọ̀ṣun náà kò ní láti bínú, nítorí wíwọn omi kò tàbùkù òrìṣà. Àwọn tí ń bu omi náà mu ni àyẹ̀wò náà yóò kọ́kọ́ ṣe láǹfààní.

Odò yìí kan náà ni wọ́n sé ní Aṣéjire láti fi pèsè omi ẹ̀rọ fún Ìbàdàn. Ó yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Èkìtì, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan létí odò ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé. Nígbà tí ẹjọ́ bá dé iwájú adájọ́, ọjọ́, ibi àti iye ni wọn yóò bèèrè.